Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kí script máa bá mi yẹ password àwọn òṣìṣẹ́ wò lóṣooṣù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ́fíìsì kan ní Wuse 2, Abuja, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ló wà nídìí server. Láti ìgbà tí àjèjì ti gba àkáǹtì ẹnìkan níbí ni ọ̀gá ti ní kí n máa yẹ password gbogbo wa wò, kí a tètè mọ èyí tí kò lágbára. Active Directory (ibi tí Windows ń tọ́jú àkáǹtì gbogbo òṣìṣẹ́ sí) la ń lò. Mo ti kọ script bash kan: á kó àwọn hash NTLM (àmì tí Windows ń sọ password dà kó tó tọ́jú rẹ̀), á gbé wọn fún hashcat (-m 1000), irinṣẹ́ tó ń mefò password, pẹ̀lú rockyou.txt, àkójọ password tí wọ́n ti jí rí, á sì fi èsì ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí ímeèlì. Cron, aago iṣẹ́ inú Linux, ni yóò máa ta á jí. Àmọ́ iná máa ń lọ láàárín iṣẹ́, rockyou kì í rí àwọn password tí ọmọdé gan-an lè mefò, ẹ̀rù ímeèlì yẹn sì ń bà mí. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ọ̀ffà, Kaduna
Àbúrò, ẹ̀rù yẹn tọ́. Má fi ránṣẹ́ rárá. Password tí hashcat bá rí, gbangba ló ń kọ ọ́ sínú potfile, fáìlì tó ń kó ohun tó bá rí pamọ́ sí. Ọ̀gá kò nílò password ẹnikẹ́ni, orúkọ àkáǹtì ló nílò:

hashcat -m 1000 --username --show hash.txt | cut -d: -f1 > oruko.txt

Ohun tó wà lẹ́yìn kólóǹ àkọ́kọ́ kò ní jáde. Fi --potfile-path gbé potfile sórí dísíkì tí o ti encrypt, kó o sì fi í sí àṣẹ --show náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Tí iṣẹ́ bá parí, pa potfile àti hash.txt rẹ́. Ní ti iná, fún iṣẹ́ náà ní --session. Bí iná bá dé, --restore á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé dúró.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa
Ìwé àṣẹ dà? Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kò tó o. Òfin Cybercrimes ti 2015 ka wíwọ kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn, òfin ààbò détà ti 2023 sì tún wà ńlẹ̀. Bí ọ̀gá yẹn bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ta ni yóò jẹ́rìí ẹ? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: kọ̀ǹpútà wo ni, ta ni yóò rí èsì, ìgbà wo lẹ ó pa á rẹ́. Kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì gbọ́ pé ẹ ó máa ṣe é.

Tíṣà Zaria
2009 ni wọ́n jí àkójọ rockyou ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní mílíọ̀nù 14, ṣùgbọ́n kò mọ Abuja. Ohun tí àwọn èèyàn wa ń tẹ̀ ni Oluwaseun, Bismillah, Chukwuemeka, orúkọ ọmọ, orúkọ iléeṣẹ́, kí wọ́n wá fi @ àti ọdún kún un. Wuse@2024 ní lẹ́tà ńlá, ó ní àmì, ó ní nọ́ńbà, kò sì lágbára rárá. Kọ àkójọ tìrẹ, kí o jẹ́ kí rules ti hashcat (ìlànà tó ń yí ọ̀rọ̀ padà) máa bá ọ fi ọdún kún un.

Nǹkan mìíràn: NTLM kò ní salt (ohun tí wọ́n ń pò mọ́ password kí hash ẹnìkan má bàa jọ ti ẹlòmíràn), torí náà ẹni méjì tí password wọn bára mu, hash kan náà ni wọ́n ní. Bí hash.txt rẹ bá wà bí secretsdump (irinṣẹ́ tó ń kó hash jáde) ṣe ń tò ó:

cut -d: -f4 hash.txt | sort | uniq -d

O kò tíì fọ́ ohunkóhun, o ti rí hash àwọn tó ń pín password lò. Èyí tí IT ń fún ẹni tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jáde. Hash tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 31d6cfe0, òfìfo ni, kò ní password.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mà, ọ̀gá fẹ́ lẹ orúkọ náà mọ́ ògiri ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa
Rárá o! Ẹni tí ẹ bá dójú tì kò ní sọ fún yín mọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Pè é níkọ̀kọ̀, kí o sì tẹ "User must change password at next logon" sí àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn àkáǹtì tí backup ń lò, má tẹ̀ ẹ́ sí wọn, iṣẹ́ á dúró. Ọwọ́ ni kí o fi yí tiwọn padà. Àwọn admin ni kó o kọ́kọ́ mójú tó.