Ṣé ewì nìkan ni ẹkún ìyàwó?

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́ Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹnì kan ló ń sọ ìtàn àròsọ fún wa, pé ìró àti àwítúnwí ló ń gbé ewì ró, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn ni eré onítàn fi ń rìn. Ọmọ kan wá bèèrè pé, ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, tó daṣọ borí, tó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, tó ń fi omijé tọrọ ìre, ṣé eré kọ́ ló ń ṣe ni? Ewì alohùn, ìyẹn ewì tí a ń fi ohùn ẹnu ké, ni ìwé tí mo yẹ̀ wò pe ẹkún ìyàwó, ṣùgbọ́n èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni kí n fi ya ewì alohùn sọ́tọ̀ kúrò lára eré? Mo dúpẹ́ ṣáájú.