Sáúǹdì káàdì wo ni kí n rà láti fi gba àlọ́ sílẹ̀ nílé?

Ìyá Aláàlọ́, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí, Òkè-Àró ni mò ń gbé níbí ní Àkúrẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń fi fóònù gba àwọn àlọ́ tí ìyá àgbà wa máa ń pa fún wa sílẹ̀, tí mo sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà. Àwọn ọmọ náà ti mọ orin inú rẹ̀ lórí. Àwọn òbí mìíràn ti ń béèrè fún un, èmi náà sì ti rí i pé tí mi ò bá gbà á sílẹ̀ dáadáa báyìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa bá mi lọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣe é sórí kọ̀ǹpútà.

Máìkì wà nílẹ̀, irú èyí tí a máa ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní irin mẹ́ta nínú ìdí. Mo ra wáyà tó máa jẹ́ kó wọ ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù mi. Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó gbà, ṣe ni ohùn mi ń bọ̀ bíi ti ẹni tó wà ní yàrá kejì, ariwo "ṣííì" sì bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ohun tí mo nílò ni audio interface, èyí tí àwọn olórin ń pè ní sáúǹdì káàdì. Ẹnì kan ní kí n ra Scarlett, ẹlòmíì ní kí n ra Behringer. ₦150,000 ni mo ní fún un. Windows ni láptọ́ọ̀pù mi. Ohùn mi nìkan ni, kò sí gìtá, kò sí dùrù. Àbúrò mi obìnrin ló máa ń bá mi gbe orin àlọ́.

Ọmọ FUTA

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Behringer UM2 ti tó yín. Òun ni mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ ní yàrá mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọdún kejì, owó rẹ̀ kò wọ́n, ara USB ló ti ń gba iná. Ẹ rà á, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bàbá Sítúdíò, Oǹdó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ máìkì yẹn ná. Ìyá wa, kí ni wọ́n kọ sí i lára?

Ìyá Aláàlọ́, Àkúrẹ́

SM58 ni wọ́n kọ sí i, ẹ̀yin bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá ojúlówó ni, torí pé owó tí mo rà á kò pọ̀.

Bàbá Sítúdíò, Oǹdó

Ẹ ṣeun mà. Ayédèrú SM58 kún ọjà gan-an, ṣùgbọ́n ì báà jẹ́ ojúlówó, ì báà jẹ́ ayédèrú, irú máìkì tí wọ́n ń pè ní dynamic ni. Kò nílò iná 48V tí máìkì condenser máa ń gbà lára sáúǹdì káàdì. Tí ẹni tó ń tajà bá ń fi 48V polówó fún yín, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi owó kún owó.

Ohun tí dynamic nílò ni agbára. Iná tí ojúlówó SM58 ń mú jáde tí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sí i kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fóltì rárá, ó kéré gan-an. Ihò láptọ́ọ̀pù kò lè gbé e sókè láìgbé ariwo ti ara rẹ̀ náà sókè. Ibi tí "ṣííì" yẹn ti wá nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ohùn yín. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí sáúǹdì káàdì ń ṣe ni pé ó ń gbé ohùn kékeré yẹn sókè kó tó sọ ọ́ di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ gain sí ni wọ́n fi ń ṣe é, dB ni wọ́n sì fi ń wọn bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Scarlett Solo ti ìran kẹrin ní 57 dB, Scarlett 2i2 ìran kẹrin ní 69 dB, Audient EVO 4 ní 58 dB. Tó bá jẹ́ SM7B ni ẹ ní, máìkì yẹn ń béèrè tó 60 dB, ìyàtọ̀ yìí ì bá ká yín lára. Fún SM58 tí ẹ bá fi sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ẹnu, gbogbo wọn lè gbé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni àbúrò yín tó ń gbe orin. Ihò máìkì kan ṣoṣo ló wà lára UM2, bẹ́ẹ̀ náà ni Scarlett Solo. Àlọ́ kò sì pé láìsí ègbè. Tí ẹ bá jọ pín máìkì kan, ẹ kò ní lè ya ohùn yín sọ́tọ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, èyí tó bá bo èkejì mọ́lẹ̀ ti bò ó nìyẹn. Behringer UMC202HD ní ihò máìkì méjì, ó ń gba 24-bit (bí nọ́ńbà tó fi ń kọ ohùn sílẹ̀ ṣe péye tó nìyẹn), ó sì ní driver tirẹ̀ fún Windows, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ náà lò. 16-bit ni UM2. Inú àlọ́ ni 24-bit ti máa wúlò fún yín: ẹ ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí Ìjàpá, lójijì ẹ ó ké bí ẹkùn. Pẹ̀lú 24-bit, ẹ lè fi gain sílẹ̀ kó lọ sílẹ̀ díẹ̀, kí igbe ẹkùn má baà fọ́, kí ẹ sì gbé ibi jẹ́jẹ́ sókè lẹ́yìn náà láìsí pé ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù máa kan nǹkan bíi -12 dB lórí òṣùwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin. Ti 192 kHz tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má dà á láàmú. 44.1 kHz gba gbogbo ohun tí etí èèyàn lè gbọ́.

Ọmọ FUTA

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ègbè, bàbá, mi ò ronú débẹ̀. Mo ṣì dúró lórí pé UM2 dára fún ẹnì kan. Ní ti driver, ASIO4ALL tí wọn kì í gba owó lé ni mò ń lò. Audacity, ètò tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò nílò ASIO (irú driver tó ń gbé ohùn kíákíá) kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà tí màmá bá fẹ́ fi Audacity ṣe é, ọ̀rọ̀ driver kò ní fi bẹ́ẹ̀ ká wọn lára. Kí wọ́n sáà tan direct monitor tó wà lára sáúǹdì káàdì náà, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn ní etí lójú ẹsẹ̀, láìsí ìdádúró.

Àgbà Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní wa. Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Rédíò ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi gbogbo owó yẹn ra ẹ̀rọ. Yàrá yín ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá, tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún padà, máìkì náà ń gbọ́ ọ. Ẹ jókòó sí ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn sẹ́yìn yín, ẹ pa fáànù. Páànù ni òrùlé ọ̀pọ̀ wa ní Àkúrẹ́, tí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi dá. Ìdájí, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó dún, kò sí àkókò tó dà bíi rẹ̀.

Èkejì ló ń dùn mí jù. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń lo ohun tó ń gé ariwo kúrò nínú ohùn, wọ́n á sì fà á dé òpin. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé "Ó wọ ọkọ̀," kí ẹ tẹ́tí sí i. Ohùn ìsàlẹ̀ ló kẹ́yìn, ó ń rọlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ yẹn á rò pé ariwo ni, á gé e. Mo ti gbọ́ àwọn àkọsílẹ̀ tí ìparí gbólóhùn wọn ti sọnù pátápátá, tí ọmọ tó ń kọ́ èdè kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni tàbí ọkọ́. Ẹ gbà á ní mímọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ní ohun tí ẹ ó máa gé.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí àgbà sọ. Kí n fi èyí kún un: ẹ gbé láptọ́ọ̀pù, máìkì àti wáyà yín dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á, kí ẹ sọ̀rọ̀ sínú ihò méjèèjì. Àlòkù ni mo kọ́kọ́ rà ní Èkó, mo dán ihò kan wò, mo sanwó. Ilé ni mo dé kí n tó mọ̀ pé ihò kejì ti kú, ẹni tó tà á kò sì gbé fóònù mi mọ́. Ó dùn mí gan-an nígbà yẹn torí owó àjọ ni.

Tí ẹ bá sì gbọ́ "ùùùn" nínú rẹ̀, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ẹ lo bátìrì. Tèmi dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Aláàlọ́, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Àgbà, mo pàtẹ́wọ́ bí ẹ ṣe wí: pálọ̀ ń dún bíi kànga, yàrá tí mo ń kó aṣọ sí kò dún rárá. UMC202HD ni mo fẹ́ rà, èmi àti àbúrò mi máa jọ lọ dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan kù. Wáyà máìkì mi ní ihò mẹ́ta lápá kan tó ń wọ máìkì, apá kejì sì ní ẹnu gbọọrọ bíi ti gìtá. Ó wọ ihò sáúǹdì káàdì tí mo rí ní àwòrán. Ṣé mo lè lò ó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Sítúdíò, Oǹdó

Rárá o, ìyá wa. Ó máa wọlé lóòótọ́, nítorí pé wọ́n ṣe ihò yẹn kó lè gba méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ẹnu gbọọrọ bá wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ náà á rò pé gìtá tàbí dùrù ni, kò ní gbé ohùn máìkì sókè bó ṣe yẹ. Ohùn yín á tún kéré bíi ti àkọ́kọ́, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. XLR sí XLR ni kí ẹ béèrè fún, ihò mẹ́ta níbi tó wọ máìkì, irin mẹ́ta níbi tó wọ ẹ̀rọ. Ẹ ra méjì, ti máìkì yín àti ti máìkì àbúrò yín. Mítà mẹ́ta mẹ́ta ti tó.