Fódà .git kò sí nínú àdàkọ ìpamọ́ mi láti ìgbà tí fd ti di ẹ̀dà 9: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ìṣòro kan ló gbé mi wá síwájú yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ mú sùúrù kà á dópin, nítorí pé mo ti gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ fúnra mi kí n tó wá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi fd wá fáìlì lórí terminal dípò find, nítorí pé ó yára, àṣẹ rẹ̀ kò sì gùn láti tẹ̀. Nígbà tó mọ́ mi lára tán, mo kó o wọ inú script, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé fúnra rẹ̀, tó ń ṣe àdàkọ ìpamọ́ iṣẹ́ mi ní alaalẹ́. Ìlà tí gbogbo script náà dúró lé lórí nìyí (tar ni irinṣẹ́ tó ń di fáìlì púpọ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan):

fd -H -t f -0 . ~/ise | tar -czf ipamo.tar.gz --null -T -

Mo fi -H sí i kí ó lè mú àwọn fáìlì tó fara pamọ́, ìyẹn àwọn tí àmì ìdánudúró ṣíwájú orúkọ wọn. Mo sì fi -0 sí i nítorí àwọn fáìlì tí àlàfo wà láàrin orúkọ wọn. Fún oṣù púpọ̀, kò sí wàhálà kankan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé sáfà (server) mi bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀, fd tó wà lórí rẹ̀ sì di 9.0.0. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ dá iṣẹ́ kan padà láti inú àdàkọ náà. Àwọn fáìlì iṣẹ́ pé, ṣùgbọ́n fódà .git, ibi tí irinṣẹ́ git ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ sí, kò sí níbẹ̀ rárá, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ìtàn ìyípadà kankan tí mo ti ṣe sí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ojúlówó rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Ohun tó wá rú mi lójú ni pé script kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, níbi tí fd ti jẹ́ 10.2.0, .git sì wà nínú àdàkọ tirẹ̀. Ṣé àṣìṣe ni èyí jẹ́ nínú fd? Ṣé kí n dá sáfà padà sí ẹ̀dà àtijọ́ ni, àbí ọ̀nà tí mo gbà kọ àṣẹ náà ni kò dára?

Ìdáhùn kìíní, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bójú tó sáfà

Kì í ṣe àṣìṣe. Ìpinnu ni, wọ́n sì ti yí ìpinnu náà padà. Nínú ẹ̀dà 9.0.0, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn tó ń ṣe fd ní kí irinṣẹ́ náà máa fo .git bí ènìyàn bá tiẹ̀ lo -H. Èrò wọn yé mi, nítorí pé ẹni tó ń wá fáìlì tó fara pamọ́ bíi .bashrc kì í fẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì tí git tò jọ sínú .git/objects bo ojú terminal mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ba iṣẹ́ jẹ́ fún àwọn tí script wọn gbójú lé ìṣe àtijọ́, kò sì sí ọ̀nà tó gún régé tí ènìyàn lè fi kọ̀ ọ́ láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Nígbà tí 10.0.0 jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Láàrin àkókò méjèèjì yìí, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ni Ubuntu 24.04 jáde, ètò ìṣiṣẹ́ Linux tó jọ pé ẹ gbé sáfà yín bọ́ sórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 9.0.0 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo Debian, tí òun náà jẹ́ Linux, lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí pé 8 ló wà nínú Debian 12, 10 ló sì wà nínú Debian 13. Lórí Ubuntu àti Debian, fdfind ni wọ́n ń pe àṣẹ náà, torí pé irinṣẹ́ mìíràn ti gba orúkọ fd ṣáájú. Mo gbà pé ẹ ti fún un ní orúkọ kúkúrú fúnra yín.

Ẹ má ṣe dá sáfà padà sí ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ̀dà 9 yìí kan náà ló mú kí ìwákiri yára púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó kàn fi ìṣòro kan pàrọ̀ òmíràn ni.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ẹni tó ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò tíì rí burú ju èyí tí ẹ rí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àdàkọ tó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín, èyí tí ẹ gbà pé ó pé, kí ẹ wá .env nínú rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí a sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí. Bí .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí git kò gbọ́dọ̀ kà sí, bá ti dárúkọ .env, ẹ kò ní bá a níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ẹ̀dà 8 pàápàá.

Ìlẹ̀kùn méjì ni fd máa ń tì láti ilẹ̀ wá. Èkíní ni ti àwọn fáìlì tó fara pamọ́, -H ló ń ṣí i. Èkejì ni ti àwọn fáìlì tí .gitignore, .ignore àti .fdignore ní kí a má wò, -I ló sì ń ṣí ìyẹn. Ẹ̀yin ṣí ẹyọ kan, ẹ wá rò pé inú ilé ti hàn tán. Bí ẹ bá lo méjèèjì pọ̀, ẹ̀dà 8, 9 àti 10 yóò fún yín ní èsì kan náà lórí ọ̀rọ̀ .git:

fd --hidden --no-ignore -t f -t l -0 . ~/ise

Mo kọ orúkọ àwọn àṣàyàn méjì àkọ́kọ́ ní kíkún, nítorí pé ẹni tó bá ka script náà lẹ́yìn ọdún méjì lè má rántí ohun tí lẹ́tà kan ṣoṣo dúró fún. Mo sì fi -t l kún un nítorí pé -t f nìkan kì í mú àwọn fáìlì tó jẹ́ atọ́ka lásán sí fáìlì mìíràn. Bí ó bá wá di pé fódà ńlá bíi node_modules ń wọlé, ẹ fi -E yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ó lè hàn kedere nínú script pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí ló gbé fd dénú script tó ń dá ṣiṣẹ́ lóru? Ojú ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Gbogbo ohun tó mú kí ó dùn ún lò, bí ó ṣe ń fo ohun tí kò ṣe pàtàkì, bí kì í ka ìyàtọ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré sí àyàfi bí ẹ bá fi lẹ́tà ńlá sínú ohun tí ẹ ń wá, ìrònú tó ń bá yín rò ni. Script kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun rò ó. find kì í fo ohunkóhun àfi bí ẹ bá ní kí ó fò ó:

find ~/ise \( -type f -o -type l \) -print0

Ẹ̀dà ọdún 2024 ti POSIX, ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn ètò ìṣiṣẹ́ bíi Linux, sì ti fọwọ́ sí -print0 (tó ń ṣe iṣẹ́ -0 ti fd) báyìí, nítorí náà ẹ̀rù kò ní bà yín pé ibì kan lè má mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ iwájú.

Ìdáhùn kẹrin

Mo fara mọ́ èyí dé àyè kan. Síbẹ̀, kí a má sọ ọ́ bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni find káàkiri ayé. Èyí tó wà lórí Linux mọ -printf, èyí tó wà lórí macOS kò mọ̀ ọ́n. Ti Linux gbà kí a má dárúkọ fódà tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ti macOS kò gbà. Ẹni tó ń kọ script fún ẹ̀rọ oríṣiríṣi yóò ṣọ́ra, irinṣẹ́ yòówù kó lò.

Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ohun tó yí padà láti àná ni olùbéèrè fẹ́ kó, nǹkan tuntun kan wà nínú 10.0.0 tí mo fẹ́ràn: ẹ lè kọ àkókò fún --changed-after ní iye ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú àmì @ níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ date ṣe ń gbà á. Script lè tọ́jú àkókò tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn sínú fáìlì kan, kí ó sì kà á padà lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Mo rí i pé fd ní -x àti -X tí ènìyàn fi lè pe àṣẹ mìíràn sórí ohun tó bá rí. Ṣé a kò lè fi wọ́n pe tar tààrà, kí a má lo -0 rárá?

Ìdáhùn kejì, lẹ́ẹ̀kan sí i

Àbúrò, má ṣe é o. -x máa ń pe àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà tar yóò máa kọ ipamo.tar.gz tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, fáìlì kan péré ni yóò sì kù nínú rẹ̀ níkẹyìn, bí ó bá tilẹ̀ ṣeé ṣí, torí pé -x ń ṣe púpọ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. -X ló léwu jù, nítorí pé yóò ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí fáìlì kò tíì pọ̀. Ọjọ́ tí orúkọ wọn bá gùn ju ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ lè gbà lẹ́ẹ̀kan lọ, yóò pín wọn sí ìpè méjì, èkejì yóò sì pa èkíní rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wá .env bí ẹ ṣe sọ, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àyà mi já. Mo ti fi --no-ignore sí i lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ní ti àmì @, sáfà kò gbà á, nítorí pé 9.0.0 ṣì ni, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo dán àdàkọ tuntun náà wò lánàá, mo tú u sí fódà òfìfo. Iṣẹ́ mẹ́ta dára. Nínú ìkẹrin, .git wà níbẹ̀, síbẹ̀ git ń sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìpamọ́ git. Kí ló tún kù?

Ìdáhùn karùn-ún

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí. Ẹ wo inú .git iṣẹ́ kẹrin náà dáadáa: fódà refs kò sí níbẹ̀. Kí git tó gbà pé fódà kan jẹ́ tòun, ó gbọ́dọ̀ rí HEAD, objects àti refs. Nígbà tí git gc, àṣẹ tí git fi ń palẹ̀ mọ́, bá ti ṣiṣẹ́, ó máa ń di àwọn orúkọ ẹ̀ka pọ̀ sínú fáìlì packed-refs, àwọn fódà tó wà lábẹ́ refs a sì ṣófo. Ẹ̀yin wá sọ fún fd pé fáìlì nìkan lẹ fẹ́. Fódà tó ṣófo kì í ṣe fáìlì, nítorí náà kò dé inú àdàkọ, ìbáà jẹ́ fd tàbí find lẹ fi ṣe é. Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù bọ́ nítorí pé fáìlì kan tàbí òmíràn ṣì wà lábẹ́ refs wọn. Nísinsìnyí, ẹ kàn lè fi mkdir, àṣẹ tó ń ṣẹ̀dá fódà, dá refs padà sí i, yóò sì ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé, bí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo nǹkan, kí lẹ tún ń fi irinṣẹ́ ìwákiri to orúkọ fún? tar mọ ọ̀nà fódà fúnra rẹ̀:

tar -czf ipamo.tar.gz --exclude=node_modules -C ~ ise

Yóò kó fáìlì, atọ́ka àti fódà tó ṣófo, kò sì ka .gitignore sí.

Olùbéèrè

Mo dá refs padà, git sì dá iṣẹ́ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti yọ fd kúrò nínú script náà pátápátá, mo fi ìlà tar yìí rọ́pò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ méjèèjì, mo tú àdàkọ wọn wò, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣí. fd ṣì wà lọ́wọ́ mi fún ìlò ojoojúmọ́. Mo ti kọ .git/ sínú ~/.config/fd/ignore lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí -H má bàa máa da objects bò mí lójú mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe 10.0.0 fúnra wọn ṣe dá a lábàá.