Gqom àti amapiano: kí ni etí ń gbọ́ tí ó fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

Àǹkẹ́ Oníjó:
Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ràn orin ijó tí àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi pé amapiano nìyí, ẹnì kan á ní gqom ni, ẹlòmíràn á ní house lásán ni, ẹnì kẹta á sì ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ mi kì í gbé bákan náà bí mo bá ń jó wọn, àmọ́ n kò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa tẹ́tí sí gan-an? Ṣé ìlú kan náà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ ni?

Alùlù Orí Kọ̀ǹpútà:
Ẹ kú ìbéèrè, àbúrò. Ìlú kan náà kọ́. Durban tí ó wà létí òkun ni gqom ti jáde, nígbà tí amapiano jẹ́ ti Gauteng, ìyẹn ìgbèríko Johannesburg àti Pretoria bíi Soweto, Alexandra, Katlehong àti Vosloorus. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń jà lórí àdúgbò tí ó kọ́kọ́ ṣe é, n kò sì ní bá wọn dá sí i. Àwọn méjèèjì tan mọ́ house, orin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ó dé Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dín eré rẹ̀ kù, wọ́n fi èdè ìgboro tiwọn kọrin lé e, ó sì di kwaito ní àwọn ọdún 1990.

Ní ti ohun tí ẹ ó máa tẹ́tí sí, ẹ kọ́kọ́ wá ìlù ìsàlẹ̀, èyí tí àwa tí a ń ṣe orin ń pè ní kick. Nínú house, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ń dún ní ọgbọọgba: gbì, gbì, gbì, gbì. Gqom fọ́ ètò yẹn. Ìlù rẹ̀ á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, á wá já lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹsẹ̀ oníjó á fi wà lókè nígbà tí ó yẹ kí ó ti balẹ̀. Ó sábà máa ń lé ní 120 ìlù ní ìṣẹ́jú kan, orin aládùn kì í sì í pọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn tí a gé kúrú tí ó ń pe oníjó léraléra àti ìró tí ó ṣókùnkùn ni ó kún un. Amapiano rọra ń lọ ní nǹkan bí 110 sí 115. Dùùrù inú rẹ̀ fara jọ ti jazz, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi, kick rẹ̀ sì lè rọlẹ̀ débi pé ẹ ò ní fura sí i. Log drum ni ó gbé e dúró: ìlù tí ó jinlẹ̀, tí ó tún ń kọrin, tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ìlù yòókù. Bí ẹ bá lè fi ẹnu kọ ohun tí ìlù ìsàlẹ̀ ń sọ, amapiano ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ lè fi tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ gqom.

Bàbá Eléré:
Àlàyé yìí dára. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé irinṣẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. FL Studio, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Belgium ṣe, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò nínú yàrá wọn. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ìró log drum, MDU, aṣe-orin kan tí wọ́n tún ń pè ní TRP, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí pé ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òpó orin. Rédíò kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé wọn jáde. Ní Durban, àwọn awakọ̀ akérò, tí ọkọ̀ wọn dà bí danfo wa, ni wọ́n ń lu gqom nínú sípíkà ńlá, títí tí orúkọ DJ Lag, ọmọ Clermont, fi dé òkè òkun. Amapiano ń gba orí WhatsApp kiri kí Kabza De Small àti DJ Maphorisa tó gbé àwo Scorpion Kings jáde ní 2019.

Ọmọ Mushin:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí a pe gbogbo orin tí log drum wà nínú rẹ̀ ní amapiano. Ẹ wo àwọn orin tí Magicsticks ṣe fún Asake ní 2022: log drum wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọgbà rẹ̀ fújì ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Amapiano ti Gauteng lè lo ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje, kí log drum má tilẹ̀ wọlé títí ara oníjó á fi gbóná. Ní tèmi, orin Èkó tí ó yá ìlù ni tiwa, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Àǹkẹ́ Oníjó:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan ló kù: singeli ti Tanzania ńkọ́? Ṣé mọ̀lẹ́bí wọn ni?

Alùlù Orí Kọ̀ǹpútà:
Rárá o, ìdílé mìíràn ni. Dar es Salaam ni wọ́n ti ń ṣe é, taarab, orin àtijọ́ àwọn ará etíkun Swahili, tí a gé tí a sì sáré yí wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n. Eré rẹ̀ máa ń tó 200, ó sì lè dé 300 ní ìṣẹ́jú kan, tí akéwì á sì máa fi Swahili sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà lé e lórí. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá àkójọ orin sítúdíò Sisso tí Nyege Nyege Tapes, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kan ní Kampala, gbé jáde ní 2017. Ẹ má ṣe fi ìlù ìsàlẹ̀ wá a bíi ti àwọn ìyókù. Iye ìlù inú ìṣẹ́jú kan nìkan ti tó láti dá a mọ̀.