Yàrá awétìn: ẹni tí ojú ẹ̀ ti rí i, kó wá sọ tiẹ̀

Wẹ́dà kan, Láfẹ́nwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Wọ́n ní kí ẹni tó ti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí sọ bó ṣe ń rí níbẹ̀ nígbà tó bá kún. Èmi gbé ibẹ̀ lé ní ọdún kan, kò sì sí adájọ́ kankan tó sọ pé mo jẹ̀bi títí mo fi jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọgbà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Wọ́n digun jalè ní àdúgbò, ọlọ́pàá dé lálẹ́, wọ́n kó gbogbo ọkùnrin tí wọ́n bá níta. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ni. Nígbà tí a fi máa dé kóòtù májísíréètì, ẹ̀sùn ìdigunjalè ló wà lọ́rùn wa. Májísíréètì ò sì láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ín. Ó wá ní kí wọ́n kó wa lọ sẹ́wọ̀n ná, kí a máa retí ìmọ̀ràn DPP. DPP yìí ni àgbà lọ́yà ìjọba tó máa wo fáìlì, tó máa sọ bóyá ẹjọ́ wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. Kó tó lè wò ó, ọlọ́pàá ní láti ṣe ẹ̀dà fáìlì kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Tiwa ò kúrò lójú kan. Ọlọ́pàá tó mú wa ti gba ìwé, wọ́n ti gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Gbogbo ìgbà tí a bá ti dé kóòtù, "ìmọ̀ràn ò tíì dé" la ń bá pàdé, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, a ó tún wọ Blákì Máríà, mọ́tò tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́wọ̀n, padà.

Nínú ọgbà, awétìn ni wọ́n ń pe irú wa, ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí. Yàrá awétìn yàtọ̀ sí yàrá àwọn tí adájọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n fún. Tiwọn fẹjú díẹ̀, tiwa ló kún. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn dáadáa: ẹni tó ti jẹ̀bi ń rí ibi na ẹsẹ̀ sí, ẹni tí ẹnì kankan ò tíì bi ní ìbéèrè kan ò rí i. Ó bí mi nínú nígbà náà, ó ṣì ń bí mi nínú dòní.

Lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan la fi ń sùn. Ibi tí orí ẹnì kan wà ni ẹsẹ̀ ẹnì kejì wà, bí wọ́n ṣe ń to ẹja sórí ààrò. Ìwọ ò gbọdọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, ibi tí ẹ̀yìn rẹ nìkan máa gbà, èèyàn méjì ló ń sùn síbẹ̀. Tí egungun ìbàdí bá ń ro ọ́, o ò lè dá yí. Ẹni tó jẹ́ olórí yàrá ló máa pàtẹ́wọ́, á ní "Ẹ yí!", gbogbo ìlà yẹn á sì yí sí apá kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá dìde lọ tọ̀, kó yáa mọ̀ pé àyè rẹ̀ ti pa dé, ìdúró ló máa fi mọ́jú. Mo rí àwọn tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́ nítorí èyí. Àwọn tí ilẹ̀ ò gbà rárá á jókòó, wọ́n á gbé orí lé eékún. Tó bá di ọ̀gànjọ́, wọ́n á jí ìlà kan dìde kí àwọn náà lè rí ibi sùn sí.

Ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbọ̀nsẹ̀ ni ẹni tuntun ń bẹ̀rẹ̀ sí. Bí ẹnì kan bá ti lọ, wàá sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ojú fèrèsé ni ibi ọlọ́lá, owó ni wọ́n fi ń rà á. Ẹni tuntun tí kò sì lówó, páálí ni wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ kó máa fi fẹ́ àwọn àgbà yàrá títí apá á fi kú. Èmi náà fẹ́ wọn.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ láti ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, ẹjọ́ ilẹ̀ ló gbé e wọlé. Bàbá ti pẹ́ débi pé ẹ̀bá ògiri ni àyè wọn wà, ibi tí èèyàn ti lè fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Nígbà tí ibà kọlù mí, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n bọ́ síbẹ̀. Mo ní rárá, Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ní, "Ọmọ mi, sùn. Èmi ti sùn láyé kí wọ́n tó bí ọ." Ìjókòó ni wọ́n fi mọ́jú títí ara mi fi balẹ̀. Mi ò lè san oore yẹn láé.

Nígbà tí ìmọ̀ràn DPP wá dé, ìwé kan péré ni: kò sí ẹjọ́ tí a máa jẹ́. Wọ́n ní kí a máa lọ ilé. Ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin, wọ́n ti jí i ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ọmọ mi, wẹ́dà, ẹ kú orí ire. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.

Ọmọkùnrin mi ni tèmi. Ọ̀rọ̀ owó ni láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di olè jíjà. Adájọ́ gba béèlì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Àṣé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gba béèlì, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ jáde! Oníduúró méjì ni wọ́n ní ká mú wá. Ọ̀kan á jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò rẹ̀ ti ga, èkejì á ní ilé ní agbègbè kóòtù, á mú ìwé ilé náà wá. Àwọn méjèèjì á tún kó ìwé owó orí ọdún mẹ́ta dání. Èmi tí mo ń rẹ aṣọ sínú aró láti ìdájí, ta ni mo mọ̀ nínú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀? Mo lọ bá àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Mo dé Òkè-Mọ́sàn, mo dé Ìbarà, mo dé Aṣérò. Àwọn kan ní ká fún àwọn lówó kí àwọn tó dúró. Àwọn kan ò gbé fóònù mọ́.

Gbogbo ìgbà yẹn, inú yàrá tí ẹ ń sọ yẹn ni ọmọ mi wà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó, mo gbé àmàlà àti ẹ̀wà lọ. Bó ṣe jókòó báyìí, ó ń yún. Àárín ìka ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ń ṣomi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má gbé oúnjẹ wá mọ́. Ẹ bá mi ra ọṣẹ àti ìpara imí ọjọ́, kó pọ̀ o, torí tí èmi nìkan bá fi para, lọ́la ó tún máa mú mi." Èmi náà rí i pé òótọ́ ni. Ara àwọn èèyàn tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ sùn, báwo ni ìfọ́n ṣe máa yọ ẹnì kan sílẹ̀? Ìpara gbogbo yàrá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Onílé wa ló dúró fún un nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ tíṣà àgbà. Ọlọ́run á dúró ti àwọn náà.

Wọ́dà tó ti fẹ̀yìntì, Ọbáńtokó

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń bẹ̀ yín, ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru wọ́dà. Wáráǹtì ni ọ̀gá wa. Tí kóòtù bá ti buwọ́ lù ú pé kí a gba èèyàn, a ó gbà á.

Ẹ ó sọ pé òfin ti yí padà. Lóòótọ́ ni. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019, èyí tó sọ wá di Nigerian Correctional Service, fún ọ̀gá wa ní ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti kọ ẹni tuntun tí ọgbà bá ti kún. Ó tún ní kí wọ́n fi tó adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó. Tí a bá kọ èèyàn lẹ́nu géètì, níbo ni mọ́tò yẹn ń gbé wọn lọ? Àgọ́ ọlọ́pàá ni, ibi tí kò sí bẹ́ẹ̀dì, tí kò sí nọ́ọ̀sì. Mo ti rí ọ̀gá kan tó ń wo àwọn ọmọ tó wà nínú mọ́tò, tí kò lè sọ pé kí wọ́n kó wọn padà.

Gbogbo ọgbà tó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bí 50,000 èèyàn ni wọ́n kọ́ wọn fún. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, iye tó wà nínú wọn ń lọ sí bí 80,000, awétìn ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo ọgbà ló kún. Lọ sí àwọn tó wà ní ìgbèríko, àyè wà ńbẹ̀. Ti ìlú tí kóòtù pọ̀ sí ló ń ya. Wọ́n á ní ṣé ẹ ò lè kó wọn lọ síbi tí àyè wà? A lè kó ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ. Awétìn ńkọ́, tí kóòtù ń retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Tí mọ́tò bá bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n á sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú, ó tún pẹ́ sí i nìyẹn. Ẹ tún wo oúnjẹ: ₦750 ni owó oúnjẹ ẹnì kan lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ọdún 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di ₦1,125. Ẹni tó ń na owó ní ọjà Kútọ̀ mọ ohun tí ìyẹn lè rà.

Àbúrò wẹ́dà, ọ̀rọ̀ páálí tó o sọ yẹn, a mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Wọ́dà díẹ̀ ló ń ṣọ́ èèyàn rẹpẹtẹ lálẹ́, àwọn tó wà nínú yàrá ló ń ṣàkóso ara wọn. Kò dáa, mo mọ̀.

Lọ́yà kan, Òkè-Ìlèwó

Ẹ kú ìrọ́jú gbogbo yín. Ẹ̀tọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sọ pé ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tí wọn ò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà láìsí àdéhùn tàbí pẹ̀lú àdéhùn tó máa jẹ́ kó padà wá jẹ́jọ́. Ó ti wà nínú ìwé látìgbà yẹn. Àmọ́ ó gba kí ẹnì kan kọ ìwé sí kóòtù lórúkọ ẹni náà, ẹni tó wà nínú yàrá yẹn ò sì ní lọ́yà. Adájọ́ àgbà náà láṣẹ láti wọ ọgbà kó sì tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀. Kí ó tó débẹ̀, ẹnì kan ní láti ti to orúkọ wọn sílẹ̀.

Wẹ́dà kan, Láfẹ́nwá

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Ọmọ kan ṣì wà níbẹ̀ tí mo fi sílẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún lòun, ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ sínú ìwé. Òun ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn òbí rẹ̀ wà ní abúlé, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Kí la lè ṣe?

Lọ́yà kan, Òkè-Ìlèwó

Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà, ọmọdé ni lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ìpínlẹ̀ wa, kò yẹ kó wà láàárín àgbàlagbà rárá. Ẹ bá mi wá ìwé ìbí rẹ̀. Tí kò bá sí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé orúkọ ní ilé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ. Tí ìyẹn náà ò bá sí, kí ìyá rẹ̀ wá búra ọjọ́ orí rẹ̀ ní kóòtù. Ẹ tún wá orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lórí wáráǹtì, kóòtù tó fi í síbẹ̀ àti nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Àwọn wọ́dà máa fún yín tí ẹ bá lọ wò ó. Èmi ni mo máa kọ ìwé náà, mi ò gba owó. Tí mi ò bá sí nílé, ẹ lọ sí Legal Aid Council, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni tiwọn náà. Ìgbà wo lẹ lè lọ?

Wẹ́dà kan, Láfẹ́nwá

Mo ń lọ lọ́la.

Ìyá aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ẹ yà sọ́dọ̀ mi ní Ìtòkú kí ẹ tó lọ, wẹ́dà. Ìpara yẹn ṣì kù nílé.