Ọmọ mi fẹ́ lọ ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Tóbi, Bódìjà
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọbìnrin mi tó wà lọ́dún kẹta ní Yunifásítì Ìbàdàn ló sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti gba ìsinmi oṣù Kejìlá, òun ò ní bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù, etí òkun lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lòun ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ló sọnù síbẹ̀. Ó ní ẹyin ìjàpá òkun lòun fẹ́ máa ṣọ́. Lóru! Wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ fún un. Àwọn gan-an ló tún ní kó mú 25,000 náírà wá fún oúnjẹ àti ibi ìsùn.

Èmi tí wọ́n bí sí Òkè Àdó, omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ ni Ògùnpa. Ẹni tó bá sì rí ohun tí Ògùnpa ṣe lọ́dún 1980 kò ní fi omi ṣeré. Ọmọ yìí kì í ṣe òmùwẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó lọ. Kí ni kí n ṣe?

Àkànbí Mọ̀kọ́lá
Ìjàpá tó ń rẹ́ gbogbo ẹranko jẹ, ìgbà wo ló di ẹni à ń ṣọ́? Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Yánníbo 😂

Ìyá Ìbejì
Ẹ má dá Àkànbí lóhùn. Owó yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi san irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tó débẹ̀, kò bá ẹnì kankan. Kó má san nǹkan kan títí ẹ ó fi bá olórí wọn sọ̀rọ̀.

Rónkẹ́ Àgbówó
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Owó oúnjẹ kì í ṣe tuntun, àmọ́ òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ẹ wádìí wọn. Ní ti omi, ẹ fọkàn balẹ̀, a kì í wọnú òkun. Orí iyanrìn là ń rìn, ẹsẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára èèyàn.

Láti bí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta ni wọ́n máa ń gòkè wá yé, òru ni wọ́n sì ń wá. Abo á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á yé bí ọgọ́rùn-ún ẹyin, á bò ó, á padà sómi. Kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́. Bí oṣù méjì lẹyin á fi wà nílẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ wọn là ń wá kiri, bíi ti táyà katakata ló rí. Ti èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ lè fẹ̀ tó mítà 2. A ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ihò wà sílẹ̀, a ó wá pa ipa ẹsẹ̀ náà rẹ́ kí àwọn tó ń wa ẹyin má baà rí i.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni kéèyàn má fọwọ́ kan nǹkan. Ẹyin adìẹ là ń yí. Ẹyin ìjàpá òkun tó bá ti sùn mọ́jú nínú iyanrìn, tẹ́nì kan bá dorí rẹ̀ kodò, ọmọ inú rẹ̀ lè kú. Tọ́ọ̀ṣì funfun náà kò dáa, pupa là ń lò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ló ń sáré lọ, ó rò pé ojú òkun ni. Ẹ wá wo gílóòbù àwọn ilé ìgbafẹ́ etí òkun Èkó! Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣa mọ́kànlá nínú gọ́tà.

Ọmọ Ìbẹ̀jú
Ọmọ ibẹ̀ ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìbàdàn. Kí n má purọ́, a jẹ ẹyin yẹn dàgbà. Apẹja ni bàbá mi, bí ìjàpá bá kó sí àwọ̀n, ọbẹ̀ dé nìyẹn. Ohun tó ń bí wa nínú ni àwọn ọmọ ìgboro tó máa dé pẹ̀lú kámẹ́rà, tí wọ́n á máa pè wá lólè lórí ilẹ̀ baba wa. Màmá, ẹ bi wọ́n bóyá baálẹ̀ mọ̀ wọ́n, bóyá àwọn apẹja ń bá wọn rìn lóru. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọmọ yín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

Àkànbí Mọ̀kọ́lá
Ẹyin ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó dùn?

Ọmọ Ìbẹ̀jú
Funfun rẹ̀ kì í le, bó ti wù kó pẹ́ lórí iná. Mi ò jẹ ẹ́ mọ́ ṣá.

Màmá Tóbi, Bódìjà
Mo pè wọ́n lónìí. Bí mo ṣe dárúkọ baálẹ̀, obìnrin tó gbé e gbé fóònù fún bàbá apẹja kan tí wọ́n jọ ń ṣọ́nà. Ohun tí bàbá yẹn kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ọmọ mi ń jẹ ẹ̀bà. Ara mi wá balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ká mú owó dání wá, ká má fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ̀ á bá a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà, á mú un débẹ̀, á sì fojú ara rẹ̀ rí ibi tí yóò sùn.

Rónkẹ́, níbo ni wọ́n ti ń ta tọ́ọ̀ṣì pupa? Mo yí Dùgbẹ̀ po, mi ò rí.

Rónkẹ́ Àgbówó
Ẹ má ra nǹkan kan mà. Ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn, kó ká a ní ìlọ́po méjì, kó fi rọ́bà so ó mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì tó bá wà nílé.