Àwòrán abstract (èyí tí kò ya èèyàn tàbí nǹkan kan pàtó) wo ló ti tan ojú yín jẹ rí l'Ékòó? Ẹ wá sọ tiyín

Oníná Sùúrùlérè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin tèmi. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mò ń fa wáyà, mò ń so gílóòbù, ọ̀rọ̀ àwòrán ò kàn mí tẹ́lẹ̀ rárá. Gálárì kan l'Ónìkan ló pè mí, wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀ṣíbíṣàn, wọ́n ní kí n wá so iná sókè kó máa tàn sára àwòrán. Èyí tó wà lógiri iwájú ga jù mí lọ, kò sí ojú èèyàn níbẹ̀, kò sí igi, kò sí mọ́tò, búlúù ṣáá ni látòkè délẹ̀, ìlà dúdú kan wá là á láàárín. Mo ní nínú mi pé ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe pè mí ní Sunday. Ìgbà tí mo wá tan iná, àwọn funfun báláú yẹn, búlúù náà bá sún sẹ́yìn! Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà mo lọ fọwọ́ kan ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè dá mi lójú pé ibi tó wà náà ló ṣì wà. Mo pa á, mo yí gílóòbù oníyẹ́lò sí i, búlúù bá kú, ó di eérú, ìlà dúdú yẹn ló wá yọrí síta. Tí ẹ bá wá jẹ́ kí iná ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo ibi tí ọ̀dà ti ki á ní òjìji tiẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà tí ọ̀bẹ tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀dà gbà. Ọ̀gá tó yà á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti àárọ̀, kò sọ̀rọ̀, ìgbà tí mo yí i débì kan ló pariwo, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ dákun, ibẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má yí i mọ́!"

Ọmọ Yabatech:
Bọ̀dá oníná ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n fi irú ẹ̀ hàn wá ní kíláàsì. Tíṣà wa gé páálí kékeré méjì lára páálí aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo, ó lẹ ọ̀kan sórí yẹ́lò, ó lẹ èkejì sórí dúdú, ó ní èwo ló mọ́lẹ̀ jù. Gbogbo wa ní ti orí dúdú ni, àwọn kan tiẹ̀ ń jà sí i. Ó bá ṣí méjèèjì kúrò, ó tò wọ́n pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Josef Albers, ló fi irú eré yìí kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ó kó lọ Amẹ́ríkà ní 1933, láti 1950 títí tó fi kú ní 1976 square nínú square ló ń yà, ó lé ní 1,000, ẹ gbà mí! Mo délé mo sọ fún màmá mi, léèsì ni wọ́n ń tà ní Balógun, wọ́n ní ṣé èyí náà làwọn ń sanwó iléèwé sí, àwọn ò jẹ́ kí oníbàárà yan gèlè lórí aṣọ pupa rí, wọ́n á gbé e bọ́ síta, torí tó bá délé tí àwọ̀ ẹ̀ yí padà, ìjà ni.

Bàbá Ìdúmọ̀tà:
Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ jọ̀ọ́. Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi lọ sí ẹ̀ṣíbíṣàn kan n'Íkòyí, kánfáàsì funfun, igun ẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kùn, owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n ní kí n máa wo space. Space tí n ò rí páàkì mọ́tò sí n'Ídúmọ̀tà lẹ ní kí n wá wò lára ògiri? Mo mu sóbò, mo jẹ púfpúf, mo bá tèmi lọ.

Ọmọ Yabatech:
😂😂 Bàbá, lórí owó, mo gbà fún yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Oníṣẹ́ ọnà kan, Anish Kapoor, gbẹ́ ihò gidi sílẹ̀, ó jìn tó mítà 2.5, ó kun inú ẹ̀ dúdú kirimú, tí ẹ bá wò ó ẹ ó rò pé róbótó dúdú tí wọ́n kùn sílẹ̀ ni. Wọ́n gbé e sí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Porto, ní Portugal, ní 2018, ọkùnrin kan já sínú ẹ̀ wọ́n gbé e dé ọsibítù.

Bàbá Ìdúmọ̀tà:
Ẹ ò wa rí i pé iṣẹ́ yín léwu.

Ìyá Ìbejì, Yaba:
Tèmi kì í ṣe ọ̀dà o, ìdérí ìgò ni. Iṣẹ́ El Anatsui, ọmọ Ghana tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Nsukka ní 1975, mo kó àwọn ọmọ lọ wo ọ̀kan ní Island. Láti ẹnu ọ̀nà, aṣọ òkè ńlá tó ní góòlù ni mo rí, ó rọ̀ sílẹ̀, ó ṣẹ́po. Mo sún mọ́ ọn báyìí, irin ni! Ìdérí ìgò ọtí tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n fi wáyà kópà tín-ín-rín so wọ́n mọ́ra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ọ̀gá yẹn ò sọ pé báyìí ni kí wọ́n gbé e kọ́, ẹni tó bá gbé e kọ́ ló máa mọ ibi tó máa ṣẹ́po sí, tó bá dé ibòmíì ó lè máà rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo padà sẹ́yìn, ó tún di aṣọ. Mo lọ mo bọ̀, mo lọ mo bọ̀, títí ojú fi ń ti Táíwò. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ti rọ́jú mọ́ ìdérí, ó ń ka orúkọ ọtí sókè, ó ní "Mọ́mì, èyí ni dádì máa ń mu!", ni sìkiọ́ríìtì bá ní ká jọ̀ọ́ ká sún sẹ́yìn.